Dídínà mọ́ àdírẹ́sì IP oníjàǹbá lórí sáfà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sáfà sórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń béèrè ló pọ̀ jù níbí, pẹ̀lú díẹ̀ tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà kì í sábà rántí béèrè. Irinṣẹ́ adínà ni ọ̀rọ̀ dá lé, ìyẹn ètò tó máa ń dínà fúnra rẹ̀ mọ́ àdírẹ́sì tó bá ń kọlù sáfà. Sáfà Linux ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn àdírẹ́sì bíi 203.0.113.7 tí ẹ máa rí jẹ́ ara èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwé ìtọ́nisọ́nà, kò sí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni lórí wọn.

Àná ni mo gbé sáfà mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo làwọn kan ṣe ti ń gbìyànjú láti wọlé?

Wọn kò mọ̀ yín rárá, mímọ̀ yín kò sì sí lára iṣẹ́ wọn. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó lè wà láyé kò ju 4,294,967,296 lọ, iye yẹn kò sì tó nǹkan lójú kọ̀ǹpútà òde òní. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan gbé irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ZMap jáde. Láti orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ìsopọ̀ rẹ̀ yára dáadáa, ó lè kan ilẹ̀kùn gbogbo àdírẹ́sì wọ̀nyẹn láàárín ìṣẹ́jú 45. Sáfà tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè sọ pé òun fara sin.

Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn yín kì í sábà jẹ́ èèyàn tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bot ni wọ́n, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn tí wọ́n ti gbà láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀. Mirai, tó da íntánẹ́ẹ̀tì láàmú ní 2016, kó kámẹ́rà ààbò àti ráútà ilé jọ nípa dídán àwọn páswọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi sínú wọn wò, èyí tí onílé kò yí padà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa tọ́ wa sọ́nà nínú ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó ń bọ̀: ẹni tó ni àdírẹ́sì tó ń kọlù yín lè máà mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Kí ni irinṣẹ́ adínà yìí ń ṣe gan-an?

Log ló ń kà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí sáfà ń ṣe nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbìyànjú láti gba SSH (ọ̀nà tí a fi ń darí sáfà láti ọ̀nà jíjìn) wọlé tí kò sì rí i ṣe, sáfà máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí:

`Failed password for root from 203.0.113.7 port 52144 ssh2`

Irinṣẹ́ náà ń wo irú ìlà bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń wọlé, ó ń yọ àdírẹ́sì inú rẹ̀, ó sì ń ka iye ìgbà tó ti rí i. Tí iye náà bá kún ìwọ̀n tí ẹ fọwọ́ sí láàárín àkókò tí ẹ yàn, ó máa ní kí firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè wọ sáfà, má gba ohunkóhun lọ́wọ́ àdírẹ́sì yẹn mọ́. Nígbà tí àkókò ìyà bá pé, á yọ òfin náà kúrò. Kò mọ ẹni rere, kò mọ ẹni burúkú. Ohun tí ẹ ní kó kà ló ń kà. Fífi irinṣẹ́ sórí sáfà kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Yíyan ohun tí ẹ máa pè ní ẹ̀rí ni iṣẹ́ wà.

Èwo ni kí n lò nínú wọn?

Fail2ban ni mo máa ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Cyril Jaquier ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 2004, Python ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ sì lè fi àṣẹ kan ṣoṣo gbé e wá sórí Debian, Ubuntu àti ọ̀pọ̀ irú wọn. Ìṣòro yòówù kí ẹ bá pàdé, ẹlòmíràn ti bá a pàdé rí. SSHGuard fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, ó dára fún ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ kò pọ̀.

CrowdSec, tí wọ́n fi èdè Go kọ, pín iṣẹ́ sí méjì. Apá kan ń ka log, ó sì ń dájọ́. Apá kejì, tí wọ́n ń pè ní bouncer, ló ń ti ilẹ̀kùn, ì báà jẹ́ nínú firewall, nínú nginx (sọ́fítíwìà tó ń gbé ìkànnì jáde) tàbí lọ́dọ̀ CDN (ilé-iṣẹ́ tó ń dúró níwájú ìkànnì, tó ń gba ìbéèrè òǹkàwé fún un). Àwọn tó ń lò ó tún lè máa ta ara wọn lólobó nípa àdírẹ́sì tó ń kọlù wọ́n. Bí sáfà yín bá ti tó mẹ́ta, mẹ́rin, ó tọ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

OpenSSH fúnra rẹ̀ náà ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Láti ẹ̀dà 9.8 tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2024 ni ètò `PerSourcePenalties` ti wà nínú rẹ̀. Ó ń fi ìyà tí kì í pẹ́ jẹ àdírẹ́sì tó bá ń kùnà léraléra, ẹ kò sì ní láti tàn án kó tó máa ṣiṣẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa ṣètò Fail2ban?

Ẹ má fọwọ́ kan `/etc/fail2ban/jail.conf`. Tí ẹ̀dà tuntun bá dé, ó lè pa gbogbo ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ rẹ́. Ẹ dá fáìlì tiyín sílẹ̀, `/etc/fail2ban/jail.local`, kí ẹ kọ kìkì ohun tí ẹ fẹ́ yí padà sínú rẹ̀:

```
[DEFAULT]
ignoreip = 127.0.0.1/8 ::1 198.51.100.20
findtime = 10m
maxretry = 5
bantime  = 10m
bantime.increment = true
bantime.maxtime   = 1w

[sshd]
enabled = true
```

Ohun tí èyí ń sọ ni pé: àdírẹ́sì tó bá kùnà ní ìgbà 5 láàárín ìṣẹ́jú 10, kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 10. Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni Fail2ban ń gbé wá fúnra rẹ̀, kò sì sídìí láti sáré yí wọn padà. `ignoreip` ni àwọn àdírẹ́sì tí a kò gbọ́dọ̀ dínà mọ́ láéláé; àdírẹ́sì ọ́fíìsì tàbí ti VPN yín ni kí ẹ fi rọ́pò 198.51.100.20, tó bá jẹ́ èyí tí kì í yí padà. `bantime.increment` wà láti ẹ̀dà 0.11, ó ń jẹ́ kí ìyà máa gùn sí i fún ẹni tó bá ń padà wá, títí dé ibi tí `bantime.maxtime` bá fi ààlà sí.

Ẹ tún un gbé dìde pẹ̀lú `systemctl restart fail2ban`, kí ẹ sì bi í léèrè bó ṣe ń lọ sí: `fail2ban-client status sshd`.

Lórí Debian 12, Fail2ban kọ̀, kò gbéra.

Debian 12 kì í gbé rsyslog, tó ń kọ log sínú fáìlì, wá mọ́ láti ilẹ̀, nítorí náà `/var/log/auth.log` tí Fail2ban ń wá kò sí níbẹ̀. Inú journal ti systemd ni àkọsílẹ̀ SSH wà báyìí. Ẹ fi `backend = systemd` kún abẹ́ `[sshd]`, ó parí.

Ìṣẹ́jú 10 kéré jù. Kí ló dé tí mi ò fi lè dínà mọ́ wọn títí láé?

Inú ń bí yín, ó sì tọ́ kó bí yín. Ẹni tó bá ń wo log tó ń sáré bí omi, tí gbogbo ìlà rẹ̀ jẹ́ ti àjèjì tó ń wá ọ̀nà wọlé, á fẹ́ ti ilẹ̀kùn kó sì sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Síbẹ̀ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Àkọ́kọ́, àdírẹ́sì kì í ṣe èèyàn. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ oníbàárà kan tí wọ́n sì ń fún òmíràn. Ráútà tó kọlù yín lónìí lè gba àdírẹ́sì mìíràn kí ilẹ̀ tó mọ́, kí èyí tó fi sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìsopọ̀ sílé. Ìyà títí láé á wá wà lórí ẹni tí kò ṣe nǹkankan, oníjàǹbá á sì ti gba ibòmíràn lọ. Bákan náà ni ti sáfà àyágbé: ẹni tó yá a lánàá ti dá a padà, ẹlòmíràn ti fi ìkànnì tirẹ̀ sórí rẹ̀.

Èkejì, bot kò ní sùúrù. Ó ní ọ̀kẹ́ àìmọye àdírẹ́sì tó fẹ́ kàn, tí tiyín kò bá dáhùn mọ́, á kọjá síbòmíràn. Ìṣẹ́jú 10 ti tó láti mú èyí tó pọ̀ jù kúrò lọ́rùn yín. Àwọn tó bá ń padà wá ni ìyà tó ń gùn wà fún. Jail kan (òfin ìdínà kan nínú Fail2ban, bíi `[sshd]` tó wà lókè) tún wà tó ń jẹ́ `recidive`. Log ti Fail2ban fúnra rẹ̀ ló ń kà. Ẹni tí wọ́n bá ti dínà mọ́ léraléra láàárín ọjọ́ kan, á tì í síta fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tó bá bi mí tan jail yìí.

Ẹ̀kẹta ni pé àtòkọ tí kò sẹ́ni tó ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ máa ń di ohun tí kò sẹ́ni tó lóye mọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí tí àdírẹ́sì kan fi wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti yọ ọ́.

Wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lè máa lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ alábòójútó sáfà ti ń ṣe aláìṣẹ̀ léṣe láìmọ̀. Àdírẹ́sì IPv4 ti tán, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá àwọn tó ń ta dátà orí fóònù, máa ń kó oníbàárà púpọ̀ sẹ́yìn àdírẹ́sì kan. CGNAT ni wọ́n ń pè é. Kódà ní 2012 wọ́n ya 100.64.0.0/10 sọ́tọ̀ fún lílò nínú irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀. Yunifásítì, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ńlá náà máa ń jáde láti ẹnu ọ̀nà kan.

Ẹ wò ó báyìí. Fóònù kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn àdírẹ́sì yẹn ti kó áàpù burúkú, áàpù náà sì ń dán páswọ́ọ̀dù wò lórí sáfà yín. Ẹ dínà mọ́ àdírẹ́sì náà. Gbogbo àwọn yòókù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí ìkànnì yín ṣí mọ́, wọn kò sì ní mọ ìdí. Wọn kì í kọ̀wé láti fẹjọ́ sùn. Wọ́n á rò pé ìkànnì yín ti bàjẹ́, wọ́n á sì lọ. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n firewall kò rí ìka, odidi ọwọ́ ló ń rí.

Ohun méjì ló máa ń dín ewu yìí kù. Ẹ jẹ́ kí ìyà àkọ́kọ́ kúrú, bí mo ṣe wí. Ẹ sì jẹ́ kó mọ sí ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: ẹni tó ń da SSH láàmú, ẹ ti pọ́ọ̀tù 22 (ẹnu ọ̀nà SSH) nìkan mọ́ ọn, kí pọ́ọ̀tù 80 àti 443 (ti ìkànnì) wà ní ṣíṣí. Bí Fail2ban ṣe ń ṣe é nìyẹn tí ẹ kò bá yí i padà. Àwọn tó ń fi `allports` sí gbogbo jail ló ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré di lílé kúrò nílùú.

Lórí ìkànnì, kí ló yẹ kí n kà sí ẹ̀rí?

Ti SSH rọrùn, torí àwọn tó yẹ kó wọlé kò pọ̀, ẹ sì mọ gbogbo wọn. Ti ìkànnì kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ni ẹ ń pè wá síbẹ̀. Mo máa ń pín ohun tí mo bá rí nínú log sí ohun tí ẹni rere kò lè ṣe, àti ohun tí ẹni rere lè ṣèèṣì ṣe.

Kò sí òǹkàwé tó ń béèrè `/.env` tàbí `/.git/config`. Inú fáìlì wọ̀nyẹn ni páswọ́ọ̀dù dátábéèsì àti àṣírí mìíràn máa ń wà, ẹni tó bá béèrè wọn ń wá àṣírí ni. Bákan náà, bí WordPress kò bá sí lórí sáfà yín rárá, ẹni tó ń béèrè `/wp-login.php` tàbí `/xmlrpc.php` ń wá ẹni tí á pa jẹ. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì ti tó fún ìdínà.

404 lásán, ìyẹn ìdáhùn pé ohun tí wọ́n béèrè kò sí, kì í ṣe ẹ̀rí. Bí àwòrán mẹ́wàá bá sọnù lórí ojú ìwé yín, ẹni tó bá ṣí ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan á gba 404 mẹ́wàá, asẹ́ (ìlànà tí Fail2ban fi ń mọ ìlà tó yẹ kó kà nínú log) tó ń ka 404 á sì lé òǹkàwé yín lọ nítorí àṣìṣe tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Páswọ́ọ̀dù tí kò bá a mu lórí ojú ìwé ìwọlé náà, ẹ fi sùúrù kà á, torí kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé páswọ́ọ̀dù.

Ní ti ẹni tó kàn ń béèrè nǹkan lọ́pọ̀ yanturu, ẹ dín eré rẹ̀ kù dípò kí ẹ lé e. `limit_req` ti nginx lè ṣe é. Ẹ ní kó dá ìdáhùn 429 padà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè ti pọ̀ jù. 503 ni nginx máa ń lò tí ẹ kò bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni rere á dúró díẹ̀, á tún gbìyànjú. Ẹni tó bá gba 429 lọ bẹẹrẹ tí kò dẹwọ́, òun ni kí Fail2ban wá mú.

Ìkànnì mi wà lẹ́yìn CDN. Fail2ban ní òun ti dínà mọ́ ẹnìkan, ṣùgbọ́n onítọ̀hún ṣì ń wọlé.

Láàárín sáfà yín àti ẹni tó ń bọ̀, CDN dúró. Gbogbo ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ yín ń gbé àdírẹ́sì CDN wá gẹ́gẹ́ bí olùfiránṣẹ́. Ìṣòro méjì ló ń tinú èyí jáde.

Tí ẹ kò bá sọ fún nginx tàbí Apache pé CDN wà níwájú wọn, àdírẹ́sì CDN ni wọ́n á máa kọ sínú log. Fail2ban á kà á, á sì dínà mọ́ CDN náà, ìkànnì yín á dẹ́kun fún gbogbo èèyàn tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Lórí nginx, `set_real_ip_from` àti `real_ip_header` ni ẹ máa lò. Lórí Apache, `mod_remoteip`. Ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú `set_real_ip_from`: kìkì àdírẹ́sì CDN yín ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ohun tó wù ú sínú `X-Forwarded-For`, ìlà tó ń sọ àdírẹ́sì ẹni tó kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ gbogbo ayé, oníjàǹbá á máa fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn bojú, ẹ̀yin á sì máa lé aláìṣẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn tí log bá ti tọ́, ìṣòro kejì ló fara hàn, òun náà ni ẹ béèrè. Firewall ti dínà mọ́ 203.0.113.7, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tó ń dé láti 203.0.113.7, láti ọ̀dọ̀ CDN ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Òfin náà wà níbẹ̀, kò sì kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ CDN gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ ti dínà, nípasẹ̀ API rẹ̀ (ọ̀nà tí ètò kan fi ń pàṣẹ fún òmíràn). Fail2ban ní fáìlì `cloudflare.conf` nínú `action.d` fún ẹni tó bá ń lo Cloudflare. Tàbí kí ẹ jẹ́ kí nginx fúnra rẹ̀ kọ̀ wọ́n pẹ̀lú `deny`, torí òun ti mọ àdírẹ́sì tòótọ́.

Bí ẹ bá ti parí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí firewall gba kìkì àdírẹ́sì CDN láyè láti dé pọ́ọ̀tù 80 àti 443. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì sáfà yín gangan á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Docker ni mo ń lò. Ṣé nǹkankan yàtọ̀?

Ó yàtọ̀. Ohun tó ń lọ sínú kọntínà, àpótí tí Docker fi ń gbé áàpù kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́, kì í gba `INPUT` kọjá, `FORWARD` ló ń gbà; ọ̀nà méjì nínú firewall nìyẹn. `INPUT` sì ni Fail2ban máa ń kọ òfin sí. Ẹ fi `chain = DOCKER-USER` sí jail tó ń ṣọ́ kọntínà. Pọ́ọ̀tù náà á ti yí padà kó tó débẹ̀: tí ẹ bá gbé 8080 sí 80, 80 ni òfin á rí. Fún jail yìí nìkan, `banaction = iptables-allports` máa gbà yín lọ́wọ́ wàhálà yẹn.

IPv6 ńkọ́?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìṣètò ti ń jò nìyí. Oníbàárà kan ṣoṣo lórí IPv6, irú àdírẹ́sì tuntun tó pọ̀ ju IPv4 lọ fíìfíì, sábà máa ń gba odidi /64, ìyẹn àdírẹ́sì 18,446,744,073,709,551,616. Tí ẹ bá dínà mọ́ ọ̀kan, á mú òmíràn, kò sì ní tán lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Àdírẹ́sì ẹyọ kan ni Fail2ban ń dínà mọ́ bí a kò bá yí i padà. Bí log yín bá fi hàn pé àwọn akọluni ń bọ̀ láti orí IPv6, /64 ni kí òfin yín máa mú. Ní IPv6, òun ló sún mọ́ ohun tí à ń pè ní ilé kan.

Kí ẹ sì wò ó bóyá òfin yín tilẹ̀ ń ṣọ́ IPv6. `iptables` ń ṣọ́ IPv4 nìkan, `ip6tables` ló ń ṣọ́ èkejì. Nínú nftables, irinṣẹ́ firewall tuntun tó rọ́pò wọn, tábìlì `inet` ń ṣọ́ méjèèjì pọ̀. Mo fẹ́ràn nftables fún ìdí mìíràn pẹ̀lú: ó ní `set` tó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún àdírẹ́sì, kí oníkálukú wọn sì ní àkókò tí á parí, láìsí pé firewall ń ka òfin lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ilẹ̀.

Ṣé mi ò ní ṣèèṣì lé Googlebot lọ?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Googlebot ni bot tí Google fi ń ka ìkànnì. Orúkọ tó ń pe ara rẹ̀ nínú User-Agent kò tó ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹ wá orúkọ DNS (ètò tó ń so orúkọ mọ́ àdírẹ́sì) tí àdírẹ́sì náà ń jẹ́. Ti Googlebot gbọ́dọ̀ parí sí `googlebot.com` tàbí `google.com`. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àdírẹ́sì orúkọ yẹn padà, kó jẹ́ èyí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ gan-an. Bó bá ṣe rẹ́gí, òun ni.

Ṣé kí n kúkú dínà mọ́ odidi orílẹ̀-èdè tí ìkọlù ti pọ̀ jù?

Mi ò fọwọ́ sí i fún ìkànnì tó wà fún gbogbo èèyàn. Ẹ̀rọ tó wà ní orílẹ̀-èdè kan kò fi hàn pé ọmọ ibẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Sáfà tí wọ́n gbà àti VPN wà káàkiri. Ẹni tó ṣe pàtàkì fún yín náà lè rìnrìn àjò. Ewu kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: láti 2020 ni Let's Encrypt ti ń yẹ ìkànnì wò láti ibi púpọ̀ láyé kó tó fún un ní ìwé ẹ̀rí HTTPS, kì í sì í kéde àwọn àdírẹ́sì tó ń lò. Bí ẹ bá ti dínà mọ́ ibi tó ti ń wò yín, ìwé ẹ̀rí yín lè kọ̀ láti tún ara rẹ̀ ṣe.

Fún SSH, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ẹ ti ń wọlé, ẹ ṣí i fún ibẹ̀ nìkan.

Àtòkọ àdírẹ́sì burúkú tí àwọn ẹlòmíràn ti kó jọ ńkọ́?

Díẹ̀ nínú wọn dára. DROP, àtòkọ ti àjọ Spamhaus, mú odidi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn, wọ́n sì ń ṣọ́ra gidigidi kí wọ́n tó fi nǹkan síbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ ẹni tó ń ṣe é, tí kò sọ bí àdírẹ́sì ṣe ń wọ inú rẹ̀ àti bó ṣe ń jáde, ẹ fi sílẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹnìkan lè fi irinṣẹ́ yìí lé aláìṣẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí asẹ́ yín bá dẹ. Lórí TCP, ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tí SSH ń gbà, ó ṣòro láti fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn wá, torí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ dá ara yín lóhùn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí UDP kò sí irú ìyẹn, ẹnikẹ́ni lè kọ àdírẹ́sì tó wù ú. Ẹ má fi log DNS tàbí ohun mìíràn tó ń rìn lórí UDP ṣe ìpìlẹ̀ ìdínà.

Ọ̀nà kejì ni kí oníjàǹbá kọ àdírẹ́sì ẹlòmíràn sínú orúkọ tó fi ń wọlé tàbí sínú User-Agent, kí ó lè dé inú log. Asẹ́ tí regex rẹ̀ (àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tó ń wá nínú ìlà) kò dúró ṣinṣin á mú àdírẹ́sì ẹ̀tàn náà dípò èyí tó tọ́. Irú àléébù yìí wà nínú àwọn asẹ́ Apache ti Fail2ban fúnra rẹ̀ rí, kí wọ́n tó tún un ṣe ní ẹ̀dà 0.8.10 ní 2013. Bí ẹ bá ń kọ asẹ́ tiyín, ẹ fi `^` dè é mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kí ẹ má fi `.*` ṣáájú `<HOST>` (ibi tí àdírẹ́sì máa wà), kí ẹ sì dán an wò lórí log gidi kó tó wọ iṣẹ́:

`fail2ban-regex /var/log/nginx/access.log /etc/fail2ban/filter.d/asẹ-mi.conf`

Á sọ iye ìlà tó mú fún yín. Bí ẹ bá fi `--print-all-matched` kún un, á tẹ àwọn ìlà náà síta. Ẹ ka ìlà wọ̀nyẹn. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ẹni tí ẹ fẹ́ lé láìmọ̀.

Tí mo bá ti ní Fail2ban, ṣé mo ṣì nílò kọ́kọ́rọ́ SSH?

Ẹ nílò rẹ̀ ju Fail2ban lọ. Àwọn tó ní bot púpọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ń ka ìgbìyànjú: àdírẹ́sì kan á dán páswọ́ọ̀dù kan tàbí méjì wò, á dákẹ́, òmíràn á gbà á níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa dé 5. Bí páswọ́ọ̀dù yín bá rọrùn, wọ́n á bá a bó pẹ́ bó yá. Ẹ lo kọ́kọ́rọ́, ẹ dán an wò kó ṣiṣẹ́, kí ẹ tó kọ `PasswordAuthentication no` àti `KbdInteractiveAuthentication no` sínú `sshd_config`. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí Fail2ban ń ṣe fún SSH yín kò ju kó jẹ́ kí log mọ́, kí sáfà sì sinmi lọ. Kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà tuntun sórí gbogbo sọ́fítíwìà yín, torí ẹni tó bá rí ihò nínú áàpù yín lè gba ibẹ̀ wọlé ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ṣé ó lè gbà mí lọ́wọ́ DDoS?

Rárá. DDoS ni kí ẹ̀rọ púpọ̀ kọlù yín lẹ́ẹ̀kan náà láti dí ọ̀nà yín. Kí firewall yín tó lé nǹkan padà, nǹkan náà ti gba ojú ọ̀nà yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà sì ti kún. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, bot Mirai kọlu Dyn, ilé-iṣẹ́ DNS tó tóbi, àwọn ìkànnì ńláńlá sì di àwátì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Òkè, lọ́dọ̀ ẹni tó ń fún yín ní ìsopọ̀ tàbí lọ́dọ̀ CDN, ni wọ́n ti ń dá irú èyí dúró.

Mo ti ti ara mi mọ́ta!

Ẹ fara balẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 10, ẹ dúró. Tí kò bá ṣeé dúró, ẹ gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn wọlé, bíi dátà orí fóònù, tàbí kí ẹ lo console tí ilé-iṣẹ́ tó ń yá yín ní sáfà pèsè. Lẹ́yìn náà:

`fail2ban-client set sshd unbanip 203.0.113.7`

Títún sáfà gbé dìde kò ní tú yín sílẹ̀, torí Fail2ban máa ń tọ́jú àwọn tó dínà mọ́ sínú dátábéèsì, á sì tún dá wọn padà sí firewall.

Ẹnìkan kọ̀wé pé òun kò lè ṣí ìkànnì mi. Ó dá mi lójú pé èèyàn gidi ni.

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kò ní ṣe. Ẹ béèrè àdírẹ́sì IP rẹ̀, kí ẹ wá a nínú `/var/log/fail2ban.log` pẹ̀lú `grep`. Ẹ máa rí jail tó dínà mọ́ ọn àti àkókò tó ṣẹlẹ̀. Ẹ tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ṣí log ìkànnì ní àkókò yẹn gan-an, kí ẹ wo ohun tó béèrè. Bó bá jẹ́ àwòrán tó sọnù ló kó bá a, ẹ tún ojú ìwé náà ṣe, kí ẹ sì tún asẹ́ náà ṣe kó má mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn lẹ́yìn CGNAT kan náà ló ṣẹ̀, ẹ dín ìyà jail yẹn kù. Ẹ má kàn fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú `ignoreip`, torí lọ́la ó lè di ti ẹlòmíràn.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè rí yín bá sọ̀rọ̀, ẹ fi àdírẹ́sì ìméèlì yín síbi tí ìdínà kò lè dé. Bí sáfà kan náà bá ń gba ìméèlì yín tí jail kan sì ń ti gbogbo pọ́ọ̀tù pa, lẹ́tà tó fẹ́ fẹjọ́ sùn lè má dé ọ̀dọ̀ yín láéláé.